Ohun Tí Etíọba Kò Gbọ́

Ikú ti jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi, mo sì fẹ́ tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀ kó tó dìde. Ẹ̀yin dókítà tí mo kọ́ níṣẹ́ ọkàn, ẹ gbọ́ o: adití ni olùkọ́ yín.

Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn nílé ìwòsàn wa ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sówó àtúnṣe. Etí mi la fi ń jẹun. Bí mo bá ti gbé ẹ̀rọ etí tí a fi ń gbọ́ ìró ọkàn lé aláìsàn láyà, màá sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń jò. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ni wọ́n bá sọ mí ní Etíọba. Nítorí mi làwọn olùrànlọ́wọ́ ṣe ń fowó ránṣẹ́, tí ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ yín fi dúró. Nígbà tó yá, ohùn tín-ín-rín kò wọ̀ mí létí mọ́. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ariwo kékeré inú ọkàn dákẹ́ pátápátá. Ṣé kí n sọ ọ́, kí wọ́n ti ẹ̀ka náà pa? Ẹ má dá mi láre. Ìtìjú ló ń ṣe mí, ilé ìwòsàn ni mo fi bò ó.

Ni aránṣọ kan, ìyàwó tuntun, bá dé. Ó ní, "Dókítà, bí mo bá gun àtẹ̀gùn báyìí, èémí mi á fẹ́ẹ̀ẹ́ tán. Ṣé mo lè bímọ?" Mo gbé ẹ̀rọ sí i láyà, mo ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ orin. "Ó mọ́ gaara," ni mo wí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tẹ́tí sí i lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń fẹ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ tá a bí lánàá! Afẹ́fẹ́ inú etí tìẹ ni. Kí ni Etíọba wí?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀. "Ó mọ́ gaara, sà." Aránṣọ dúpẹ́, ó ní òun á rán ṣòkòtò fún mi.

Ó lóyún. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ náà sì bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ wá, kò pariwo. "Dókítà, ṣebí ẹ ní ó mọ́?" Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo nàka sí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn. "Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú mi. "Sà, ẹ rántí ohun tí mo sọ, ẹ jọ̀ọ́." Mo kọjú sí fèrèsé. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Ẹsẹ̀ mi ti wú, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n mí. Mo mọ̀ pé ọkàn tèmi náà ń jò. Lánàá, ọ̀kan nínú yín gbé ẹ̀rọ lé mi láyà. Ojú rẹ̀ yí padà, mo rí i. Mo bi í pé, "Kí lo gbọ́?" Ó sọ ẹ̀rọ náà kọ́rùn, ó wolẹ̀. "Kí lẹ̀yin gbọ́, sà?"

Ohun tí mo kọ́ yín nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá ọmọbìnrin náà kàn, ẹ dá a padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ mi, níbikíbi tí o bá wà, foríjì mí. Ìwọ lo gbọ́ ọ. Èmi ni mi ò gbọ́.