Síkẹ́ẹ̀tì Tó Ní Ṣòkòtò Nínú

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, níbí ní Warri, ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ ti rán irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Tósìn, jókòó. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró ní etí omi Ogbe-Ijoh. Ọmọ ọmọ mi, jókòó ná.

Ẹ̀yin ń pè é ní síkọ́ọ̀tì. Àwa ò ní orúkọ fún un. Àbẹ̀kẹ́ kàn rán ṣòkòtò péńpé mọ́ abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni... nítorí atẹ́gùn orí omi. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń gbé ọjà ìyá wa lọ sí àwọn abúlé.

Ta ló lọ sọ fún ìyá wa? Èmi ni. Mo rò pé òdodo ni mò ń ṣe.

Ìyá wa tú ṣòkòtò náà kúrò. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ di ọkùnrin mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi bẹ atẹ́gùn kó dijú o."

Lọ́jọ́ kejì, lórí omi, atẹ́gùn gbé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Gbọ́... ọwọ́ méjèèjì ló fi di aṣọ mú. Ìgbì gbá ọkọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ṣubú sómi. Mo nawọ́, mò ń kígbe, "Dì mí mú!" Kò fi aṣọ sílẹ̀. Lónìí, ẹ ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Nígbà yẹn, kí la ní?

Ọjọ́ kẹta la tó rí òkú rẹ̀.

Mo ti bímọ mẹ́rin kí n tó kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà. Òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ sára ògiri yìí ńkọ́? "Obìnrin ilé yìí kì í wọ ṣòkòtò." Kí ló dé tí mo kọ ọ́? Bí òfin yẹn bá tọ́, èmi ò jẹ̀bi ikú Àbẹ̀kẹ́... Ìyẹn ni.

Láàárọ̀ yìí tí mo gba aṣọ yìí lọ́wọ́ rẹ, o ní, "Mama, na skirt o! Na only knicker dey inside." Mo pariwo mọ́ ọ. Láti ìgbà náà, àyà mi ò balẹ̀.

Mi ò yí padà lórí ìwà o. Aṣọ tó gun orí itan ò gbọdọ̀ wọlé yìí! Ayé òde òní ń já mi láyà. Ṣùgbọ́n eléyìí dé orúnkún. Mo ti wọ̀n ọ́n.

Gbà. Wọ̀ ọ́. Bí atẹ́gùn bá dé, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi di ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, pè mí... fóònù ò ní kúrò lọ́wọ́ mi.