Ojú Ọ̀tún Mọ́tò Ìyá Nọ́ọ̀sì

"Tí mo bá dúró níwájú mọ́tò, iná tó wà lápá ọ̀tún mi ni ojú ọ̀tún ẹ̀." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Fẹ̀sọ̀ ní, "Tí èmi àti ẹ bá kojú síra wa, ṣé ọwọ́ ọ̀tún mi á wá di òsì nítorí pé o dúró síbẹ̀?"

"Ìwọ kì í ṣe mọ́tò."

"Mo dúpẹ́."

Ohun tá a fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan jà lé lórí nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, torí òótọ́ tí mo fẹ́ tú síta lónìí, ibẹ̀ ló gbà jáde. Ikùn mi ò gbà á mọ́. Ọmọ iṣẹ́ ni àwa méjèèjì lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan. Fẹ̀sọ̀ là ń pe ẹnìkejì mi, torí kò sí nǹkan tó ń kánjú ṣe. Ẹ̀rín pàápàá, ó lè dọ̀la kó tó rín in tán. Ọ̀gá ń pè é ní "ọmọ mi". Èmi, "ìwọ yẹn". Ẹ̀yin náà ẹ gbé e wò: epo dúdú kan náà là ń fọ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan lọmọ, ẹnì kan ni yẹn.

Ìyá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì gbé mọ́tò àtijọ́ tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Iná iwájú méjèèjì ti fọ́, irú ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Ọ̀gá ní ẹni tó bá rí i lòun máa fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé tèmi dé, rìbìtì bí ojú òwìwí. Ọ̀gá gbé e sókè sí oòrùn, ó wo ìlà inú gíláàsì, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ yẹn, ìlú tí wọ́n ń gba òdìkejì títì ni wọ́n ṣe eléyìí fún. Ẹni tó ń bọ̀ ló máa tàn sí lójú." Lọ́jọ́ kejì, Fẹ̀sọ̀ rọra gbé tiẹ̀ dé. Ó bá a mu rẹ́gí. "Ọmọ mi," lọ̀gá wí, ó dì mọ́ ọn. Ìlara ò kan ilẹ̀kùn. Ó ti bá mi jókòó.

Fẹ̀sọ̀ de iná ẹ̀ tán, ó lọ fọwọ́, ẹni tó ń fọ ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo tú ẹyọ kan, mo fi tèmi rọ́pò ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kàn bú u díẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá nọ́ọ̀sì ń wa mọ́tò ẹ̀ lọ sílé, tí ọ̀gá ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀ lórí alùpùpù. Iná yẹn fọ́ ọ̀gá lójú, inú gọ́tà ló balẹ̀ sí. Apá ẹ̀ dá.

"Ta ló de iná yẹn?"

"Èmi ni, ọ̀gá," Fẹ̀sọ̀ dáhùn. Kò mọ nǹkan kan.

Mo wà níbẹ̀, ahọ́n mi sì wà lẹ́nu mi. Ó ku díẹ̀ kí Fẹ̀sọ̀ gba òmìnira iṣẹ́, ọ̀gá lé e dànù.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó wá di "ọmọ mi"? Mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ̀gá lọ́jọ́ kan torí apá tó dá, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun." Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣíbí, mo jẹ́wọ́.

Wọ́n pe Fẹ̀sọ̀, wọ́n gbé mọ́tò dé, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan iná ẹ̀. "Èwo lo pààrọ̀?" ọ̀gá bi mí. "Ojú ọ̀tún ni, sà," mo dáhùn. Fẹ̀sọ̀ tú ojú ọ̀tún wò. "Ọ̀gá, èyí tí mo mú wá rèé. Kò pààrọ̀ nǹkan kan." Ọ̀gá ní mo tún ń fi àwọn ṣeré. Ẹ wo ayé mi: òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ ń di irọ́ lójú mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo ìkejì. Fẹ̀sọ̀ wò ó, ó bá tèmi níbẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Òsì nìyí."

Ọ̀gá fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ yẹn, máa lọ kí apá mi tó jinná."

Fẹ̀sọ̀, foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá ń pe ẹlòmíì lọ́mọ, ẹ fara dà á. Mo gbé àpò mi. Mo dé ẹnu géètì, mo yíjú padà, mo kojú sí mọ́tò náà dáadáa. Ọ̀tún mi ni iná tí mo pààrọ̀ wà.

Ọ̀tún ni.