Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Oòrùn

Ẹ jọ̀ọ́, Lèmọ́mù, ẹ dá láwàní yẹn dúró ná. Ẹ má tíì wé e fún mi. Ẹ̀yin jàmáà, mo mọ̀ pé ebi ń pa yín, dàbínù ti wà nílẹ̀, Mọ̀gàríbì ò sì ní pẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi èmi Sàká ṣe Ládàánì kí n tó tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Bí Ládàánì bá ti pèrun, gbogbo yín lẹ máa gbà pé oòrùn ti wọ̀, ẹ ó sì mu omi. Èmi ti pa irọ́ mọ́ oòrùn rí. Waris tó jókòó níwájú yín yìí ni mo pa á fún. Waris, má mi orí sí mi. Màá sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi ní Kestrels, kílọ́ọ̀bù rọ́gíbì wa nílùú òyìnbó níbí. Èmi ni mò ń fọ jẹ́sì, èmi ni mò ń gbé omi wọ pápá. Mo fẹ́ràn eré yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọkùnrin gìrìpá á gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, wọ́n á sáré kọlu ara wọn, ilẹ̀ á mì, wọ́n á tún dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Títí dòní ni wọ́n ń bà mí lẹ́rù. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni Waris, torí inú Ramadan ni sísọ́nì èṣí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì ń gbààwẹ̀, ó ń gbé wọn ṣubú.

Ẹ̀jẹ́ ló jẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá ẹ̀, Alhaja Àsúmáù tó wà lẹ́yìn gàgá àwọn obìnrin lọ́hùn-ún, ó ní bí Ọlọ́run bá dá ìyá òun sí, òun á gba Ramadan tó ń bọ̀ pé, ọjọ́ kan ò ní jábọ́, eré wà o, eré ò sí o. Ọlọ́run dá ìyá sí. Ni ọmọ bá wá bá mi, ó ní, "Uncle Sàká, mi ò lè mú phone wọ pitch. Ẹ bá mi wo time. Tẹ́ ẹ bá ti ní ó ti wọ̀, I'll drink. I swear down, ẹ̀yin ni mo trust." Ẹ gbọ́ o! Èmi ni o!

Nǹkan ò sì lọ dáadáa. Gbogbo ìgbà la ń fìdí rẹmi, àwọn tó ni kílọ́ọ̀bù sì ti ń sọ pé àwọn á tì í pa. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan láti àríwá ìlú òyìnbó wá bá wa díje ní pápá wa. Kùrukùru ti bo ojú ọ̀run láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé fún half-time, ètè Waris ti funfun, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kóyọ̀dé, igbákejì kóòṣì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ìjọ Aládúrà ni, òun náà ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lọ́wọ́. Ó ní, "Uncle, ọmọ yìí á dákú o. Ẹ jẹ́ ká fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ká ní mo gbọ́ tiẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí Waris bá jáde, ó ti parí fún wa nìyẹn. Mo wo fóònù mi. Oòrùn ò tíì wọ̀ rárá. Mo ti fóònù bọ àpò, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí, mo yọ kóró dàbínù, mo ní, "Waris, ó ti wọ̀. Bismillahi."

Yàrá yẹn ò ní fèrèsé. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ṣàdúà, ó la ẹnu, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi í sí i lẹ́nu. Ó mu omi, ojú ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á san yín lẹ́san, Uncle." Mo ṣe àmín. Arúgbó aláìnítìjú, mo ṣe àmín!

Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n padà sórí pápá tí kùrukùru fi ya. Sùbúhánalláhì! Oòrùn yọ láàárín àwọn ilé gogoro lápá Old Kent Road, ó pọ́n, ó tóbi, ó tàn kárí pápá, ó tàn sí Waris lójú. Ó dúró gbagidi. Ó wò ó. Ó yíjú, ó wá wò mí níbi tí mo dúró sí tèmi tìgò omi. Mo rò pé á pariwo ni. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó gbá a mọ́ra, ó wọ àárín wọn lọ, wọ́n so mọ́ ọn lára, ó wọ́ wọn tuurutu títí ó fi gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn, ayò wọlé fún wa. Àwọn èèyàn bú sáyọ̀. Kò fi ẹnu kan omi mọ́. Nígbà tí oòrùn wá wọ̀ lóòótọ́, mo gbé ìgò sáré bá a. Ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run fúnra ẹ̀ kó tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Eré parí, a borí. Ó bá mi níbi tí mo ti ń kó jẹ́sì, ó rọra ní, "Uncle, phone yín ló ṣi time, àbí?" Ó fún mi láyè kí n sọ òótọ́. Mo ní, "Fóònù ni, ọmọ mi." Ìyẹn gan-an ló burú jù, ó burú ju ti dàbínù lọ. Ó ní, "Safe, Uncle, kò burú. Ọlọ́run mọ̀."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, mo gbé omi fún un níbi tírénìn. Ó ní, "Mò ń san ààwẹ̀ kan padà, Uncle." Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ eré yẹn la ti ń borí, ẹ̀yìn ìyẹn la gbé ife sísọ́nì. Oníròyìn bi í pé ta ló ràn án lọ́wọ́ nígbà Ramadan. Ó ní, "Uncle Sàká. Àwọn ló ń bá mi wo time." Gbogbo yín gbọ́ ọ, ẹ kí mi, torí ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ fi mí ṣe Ládàánì. Irú ọmọ wo lẹ bí yìí, Alhaja? Tí mo bá rí i, ara mi á bù máṣọ.

Alhaja Àsúmáù, èmi ni mo ba ẹ̀jẹ́ ọmọ yín jẹ́, kì í ṣe òun. Ẹ foríjì mí. Waris, foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tẹ́nì kan bá fọkàn tán yín, ẹ má pa irọ́ fún un kẹ́ ẹ wá pè é ní oore. Oore ni mo pè é.

Fóònù mi rèé, mo gbé e sílẹ̀. Àsìkò ń tó bọ̀. Ẹ má gbà á lẹ́nu mi lónìí. Waris, ọmọ mi, dìde, jáde síta, bá wa wo ojú ọ̀run. Tó o bá ní ó ti wọ̀, èmi náà á la ẹnu.