Omi Àdúrà Tí Mo Rọ Sínú Rédíétọ̀

Ẹ bá mi na ọwọ́ ọpẹ́ sókè, ẹ̀yin ará. Ọlọ́run tó kó ojú mi yọ nínú iná tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo yín mọ ìyàwó mi, Màmá Délé. Odindi ọdún méjì ni ojú rẹ̀ fi ṣú, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ń dì mú wọ ilé ìjọsìn yìí. Nígbà tí ilé ìwòsàn wá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú fún wa, wọ́n ní ká má pẹ́ o. Ẹni tó bá pẹ́, ó tún di oṣù mẹ́ta.

Mo ní kí ọkọ̀ mi má dójú tì mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, omi àdúrà tó bá ṣẹ́kù nínú ike, inú rédíétọ̀ ni mò ń rọ ọ́ sí. Omi kànga ni, ẹ̀yin náà mọ bí omi kànga Festac ṣe ń pọ́n. Mo ní ìyàwó mi ń mu ún, kí ọkọ̀ náà mu ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a dé Mazamaza báyìí, èéfín bo bónẹ́ẹ̀tì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí i, mo gbé ọwọ́ lé ìdérí rédíétọ̀. Màmá Délé ti tẹ̀lé mi, ó di ẹ̀wù mi mú.

"Bàbá Délé, ẹ dúró ná. Nǹkan kan ń hó níbẹ̀."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Etí mi ló gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò!"

Ó fà mí sẹ́yìn. Àfi gbàà! Rọ́bà rédíétọ̀ bẹ́, omi gbígbóná fọ́n dé ibi tí ojú mi wà tẹ́lẹ̀. Jésù!

Alfa kan tó ń tún rédíétọ̀ ṣe lódìkejì títì sáré wá. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ba ojú yín jẹ́ ni?" Ó ní ká jẹ́ kó tutù pátápátá. Ó fi àkísà bo ìdérí, ó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó dà jáde pọ́n bí ògì bàbà. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ irú omi tó jẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Bàbá, ènìyàn ni kẹ́ ẹ máa fún lómi àdúrà. Omi inú rédíétọ̀ ló ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé e wá sínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ tutù, kó tó tún padà lọ. Ìpẹtà ti dí wọn pa. Kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì máa wò ó láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀."

Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó rọ kúláǹtì sí i. Bá a ṣe ń wọ ilé ìwòsàn, orúkọ Màmá Délé ni wọ́n ń pè lọ́wọ́!

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì lójú rẹ̀, ó wò mí títí. Ó wá fọwọ́ kan orí mi. "Bàbá Délé, báyìí lẹ ṣe hewú tó, ẹ ò sọ fún mi?"

Òun ló jókòó síwájú yẹn, kò gbójú kúrò lára mi láti àárọ̀. Ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run, ẹ wá bá wa yọ̀. Aya mi ti rí mi!