Ọmọ Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀ Ní Abúlé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, màá ṣàdédé gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, màá lọ dúró síta, mi ò sì ní mọ ohun tí mo lọ ṣe. Ìdílé bàbá bàbá mi ni mo wá kiri. Ṣé ìyẹn burú ni?

Èèyàn lásán ni bàbá bàbá mi, Ṣódipọ̀. Kò joyè, kò lówó. Pákó ló ń là létí ọ̀sà ní Bàrígà, ibẹ̀ náà ló kọ́ ilé tí à ń gbé yìí sí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé gbogbo ará òun ti kú tán, ó ku òun nìkan. Bàbá mi gbà á gbọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Bàrígà, náà gbà á gbọ́.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rántí bí ìpàdé ọmọ ìlú ṣe gbòde nígbà yẹn? Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, àwọn aládùúgbò wa á múra, wọ́n á ní àwọn ń lọ bá àwọn èèyàn àwọn. Ọmọ mi wá bi mí pé, "Mọ́mì, ìpàdé tiwa dà?" Kí ni kí n sọ fún un?

Obìnrin kan tó máa ń gbé láfún wá láti ọ̀nà Abẹ́òkúta ló gbọ́ bí mo ṣe kí Màmá Bàrígà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ta ló kọ́ yín ní ìkíni yìí? Abúlé wa nìkan ni wọ́n ti ń kí èèyàn báyìí." Mo ní bàbá bàbá mi ni. Nígbà tó ń padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e.

Àárọ̀ la kúrò nílé, oòrùn ò sì tíì mú tí a fi débẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Ṣé ibi tó sún mọ́ni tó báyìí ni kò lè padà sí? Obìnrin náà mú mi lọ bá ìyá arúgbó kan tó ń bó ẹ̀gúsí lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ Ṣódipọ̀. Ìyá gbé àwo sílẹ̀, ó wò mí títí.

"Ojú bàbá mi tí ìyá mi máa ń ròyìn rèé lójú ẹ."

Ọmọ Ṣódipọ̀ ni ìyá náà. Ó ń rákòrò lọ́wọ́ nígbà tí Ṣódipọ̀ fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ wáṣẹ́ ní Èkó. Kò padà mọ́. Wọ́n dúró títí, wọ́n gbà pé ó ti kú, wọ́n sì ṣe ìsìnkú láìrí òkú. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ ọkọ mìíràn.

"Ṣé ó pẹ́ láyé ní Èkó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó darúgbó."

"Ṣé ó dárúkọ mi rí?"

Mo gbé àwo rẹ̀ fún un, ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀." Mo ṣèlérí fún un.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá Bàrígà, kò pariwo. Ó ní, "Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀. Bí ìyá yẹn bá wọlé lónìí, lọ́la àwọn ọmọ rẹ̀ á ní àwọn ló nilé. Kó má dé ibí." Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè mí wọ yàrá.

"Ṣé ó jọ bàbá mi?"

"Ẹ̀yin ló jọ, mà."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá abúlé ti ránṣẹ́ wàyí. Ó ní ọmọ òun á mú òun wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Èmi ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un, tàbí kí n dá arúgbó padà sójú ọ̀nà. Bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú èyí rí, ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó pé: ta ni kí n ṣẹ̀ nínú wọn?