Àgò Tí Mi Ò Dáhùn

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè sáré bá bọ́ọ̀sì ní Rye Lane nílùú òyìnbó níbí kí n sì fò mọ́ ọn… ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní kí n sì fò mọ́ ọn… nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀lì kì í dún nílé wa. Kì í dún fún ẹni tiwa.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná. Káyọ̀dé, jókòó. Tómi, ìwọ náà, àbúrò ẹ kọ́ ni ọ̀tá ẹ. Láti ìgbà tí ẹ ti jẹun tán lẹ ti ń jà lórí òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí. Ọ̀kan ní kí wọ́n lé gbogbo ẹni tí ò níwèé, ọ̀kan ní ìkà ni. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà wọ́n sílé náà á jìyà. Mo gbọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ pa á nìyẹn. Òfin yẹn, èmi ìyá ìyá yín ló ń bá wí.

Gbé fóònù ẹ súnmọ́ mi, Tómi, tó o bá máa gbà á sílẹ̀. Ohùn mi ò ròkè mọ́.

Ilé kan wà nítòsí Peckham Rye tí mo kọ́kọ́ gbé. Yàrá yàrá ni. Bàbá Ìjẹ̀bú kan ló ni ín, Bàbá Onílé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, la jọ ń lò. Ṣé ẹ̀yin lè ṣe é? Ẹ̀yin tí ẹ ń tilẹ̀kùn yàrá bí ẹni tó ń ṣọ́ wúrà! Ọjọ́ tí mo kó dé, Bàbá Onílé ní, "Ìyá Bọ́lá, bẹ́ẹ̀lì iwájú yẹn, ti àlejò ni. Ẹni tiwa, ẹ̀yìnkùlé ni kó gbà, kó ké àgò. Bí wọ́n bá dá a lóhùn, kó wọlé. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, kó padà."

Ẹ gbọ́, kì í ṣe àwọn ló dá a sílẹ̀. Bó ṣe wà nílé lọ́hùn-ún náà nìyẹn. O dé ẹnu ọ̀nà onílé, o ní "Àgò o!" Wọ́n ní "Àgò yà!" Tí wọn ò bá wí nǹkan kan, o ò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Bóyá wọ́n ń wẹ̀, bóyá tọkọtaya ń jà. O yí padà, o ò sì ní torí ẹ̀ bínú.

Bàbá àgbà yín ń ṣiṣẹ́ ní Liverpool nígbà yẹn, ìparí oṣù ló ń wálé. Èmi àti Ràbí la jọ wà ní yàrá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Kì í ṣe ìbátan mi o! Ibí la ti pàdé. Bí mo bá lọ nu ọ́fíìsì ní kùtùkùtù, òun á lọ nu tiẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí Bọ́lá má baà dá wà. Ìyá yín náà nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yìn Ràbí ló ti ń sùn.

Mùsùlùmí ni Ràbí, sàláámù ló yẹ kó máa kí wa. Ṣùgbọ́n àgò tiẹ̀… ẹ̀yin ọmọ… ó máa ń fà á bí ẹni fẹ́ kọrin. "Àààgò o!" Bọ́lá á ti sáré kígbe "Àgò yà!" kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Eré tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọmọ tí ò tíì lè ka ení èjì, ó ti mọ àgò.

Ìwé ni Ràbí wá kà. Ìwé ò lọ mọ́, fìsà sì tán. Èyí tí ẹ̀ ń pè ní stay yìí, ìwé àṣẹ ìgbélùú, páálí làwa ń pè é. Kò ní páálí. Gbogbo ilé mọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, Bàbá Onílé kàn ní, "Ọmọ ta ni ẹ́ ní Ìsẹ́yìn?" Ó dárúkọ bàbá ẹ̀, ó dárúkọ agboolé. Ó tán. Ohun tó fi gba yàrá nìyẹn. Lónìí ńkọ́? Wọ́n á wo ìwé ẹ títí, wọn ò tiẹ̀ ní wo ojú ẹ.

Ọjọ́ Sátidé kan, Ràbí lọ ra ata lọ́jà East Lane. Mò ń din dòdò. Bẹ́ẹ̀lì iwájú dún. Àyà mi já. Mo ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin méjì. Wọ́n ní Ímígíréṣọ̀n làwọn. Wọn ò pariwo o, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n dárúkọ Ràbí, orúkọ ẹ̀ pátá. Mo ní kò sí nílé. Wọ́n ní àwọn á dúró dè é. Wọ́n bá mi dé ilé ìdáná, wọ́n jókòó. Èmi náà padà sídìí dòdò. Kí ni kí n ṣe?

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ṣáà gbọ́ géètì ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Àààgò o!"

Bọ́lá lanu. Mo rí i tó lanu. Mo mú dòdò kan, mo tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbóná! Ọmọ figbe ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ní kí lẹni yẹn ń wí níta. Mo ní ó ń kọrin ni.

"Àgò o…"

Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ò gùn mọ́. Ó rọra wí i, bí ẹni tó ń bèèrè nǹkan. Ẹ gbọ́, láyé mi, mi ò gbọ́ àgò rí kí n má dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Ọmọ ń ké, òróró ń ta, èmi dákẹ́.

Géètì tún dún. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn lára Ràbí nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fi máa dìde wo ìta, kò bá ẹnikẹ́ni. Báàgì ló bá lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé e wọlé fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ẹnìkan já ọjà yín sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ata rodo ni, àti bisikíìtì Bọ́lá.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, obìnrin kan tó ń tajà ní East Lane dá mi dúró. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, Ràbí ní kí n sọ fún yín pé òun gbọ́ ohun tí ẹ ò wí." Mo ní ibo ló wà? Òun náà ò mọ̀. Àwọn kan ní Manchester. Àwọn kan ní ó ti padà sílé, ó ti lọ́kọ. Mo ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, wọn ò rí i. Bùbá ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa títí a fi kó kúrò níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Àárò ẹ̀ ń sọ mí. Ó ń sọ mí ju ti àwọn tó ti kú lọ. Àwọn yẹn, a ṣáà sin wọ́n.

Káyọ̀dé, wò mí níbí. Ohun tó o wí lẹ́ẹ̀kan ni, "Grandma, òfin ni òfin. Torí àwọn tó ń gba ẹ̀bùrú wọlé ni wọ́n fi ń wo àwa tí wọ́n bí síbí níwòkuwò." Mo gbọ́ ẹ, ọkọ mi. Irọ́ kọ́ lo pa. Wọ́n ti dá ẹ dúró lójú títì rí, wọ́n bi ẹ́ níbi tó o ti wá, inú ń bí ẹ. Èmi ò ní kílùú má ní bodè. Ìsẹ́yìn ní bodè. Kí oníbodè ṣọ́ bodè ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá fẹ́ kí ẹni tó ń din dòdò nínú ilé náà di oníbodè. Wọ́n fẹ́ kí n dáhùn àgò, kí n ní "wọlé", kí wọ́n fi rí i mú. Ṣé wàá dáhùn? Ìwọ tí Ràbí pọn ìyá ẹ?

 Lọ rò ó ná.

Bẹ́ẹ̀lì tí ìyá yín rà fún mi yìí, eléyìí tó ní kámẹ́rà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú yín yọ lórí fóònù. Mo dúpẹ́. Àmọ́ títí dòní, tó bá ti dún, àyà mi á kọ́kọ́ já. Bọ́lá náà, ẹ máa wò ó: kì í jẹ dòdò tó gbóná, kò sì mọ ìdí.

Ìmọ̀ràn wo ni mo fẹ́ gbà yín? Ẹ jà bó ṣe wù yín, ẹ dìbò bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé, tó o bá ń bọ̀ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, má fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀lì yẹn. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó o ké àgò. Fà á, kó gùn. Àwọn aládùúgbò á yọjú, jẹ́ kí wọ́n yọjú. Kí n ṣáà rí ẹni dá lóhùn. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti gbé e mì.