Ìka Mi Ni, Kì í Ṣe Ìka Rùkáyà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Láńrewájú ọmọ mi ṣì wà láyé. Bàbá rẹ̀, tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bínú sí ọkọ̀ ojú irin tí kò wá mọ́. Sikirat tó ń gbé òdìkejì títì ṣì wà, ẹni tí inú rẹ̀ kì í gba àṣírí sùn. Bí ó bá gbọ́ ọ rí, ì bá ti tú mi fó tipẹ́. Rùkáyà náà wà láyé. Gbogbo wọn ti lọ. Ó ku èmi nìkan ní ojúlé yìí ní Òkè Baálẹ̀, èmi àti ohun tí mo mọ̀, n kò sì fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nígbà tí ahọ́n mi ṣì ń gbọ́ tèmi.

Julianah ni orúkọ mi, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Òṣogbo. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe ọwọ́ mi. Ti ọkàn mi ni kí ẹ wò.

Ògiri kan ló pààlà láàárín èmi àti Rùkáyà, ìyá Kàósárà. Iṣẹ́ làálì ló ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó mùsùlùmí ní àdúgbò wa, Rùkáyà ni wọ́n ń pè kó wá kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí, orí ìka tirẹ̀ dúdú láti ọdún dé ọdún. Bí o bá fi kànìnkànìn ha á, dúdú náà ni. Mo máa ń sọ fún un pé, "Rùkáyà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí ọbẹ̀ jẹ ní àdúgbò yìí, ìwọ ni wọn ó kọ́kọ́ mú." Òun náà á ní, "Ìyá Láńre, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí ẹ kì í róorun sùn bí ẹ kò bá gbọ́ ìró odó, ta ló yẹ kí wọ́n yẹ ìkòkò rẹ̀ wò nínú wa?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa gbé. Àìsàn èémí tí wọ́n ń pè ní asímà ló ń bá a fínra. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Gbọ́láhàn ni ọmọ tí Láńrewájú bí. Ẹ̀rọ ìwòsàn ló kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, bí a ṣe ń ṣe é àti bí a ṣe ń tún un ṣe. Nínú yàrá kan ní Dàda Estate ló ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Bí o bá fi há ìka, iná pupa kan á wọ inú ẹran ara lọ wo ẹ̀jẹ̀, á sì mọ̀ bóyá atẹ́gùn tí ò ń mí sínú tó ọ. Bí kò bá tó, á pariwo pé kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù. Bí ó bá tó, á dákẹ́. Nítorí àwọn bíi Rùkáyà ló ṣe ṣe é, àwọn àgbà tí èémí ń ká mọ́lé níbi tí dókítà kò sí nítòsí. Ó wá bá mi, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi kó àwọn ọ̀rẹ́ yín jọ, kí n dán an wò. Ibi tí ó bá ti kùnà gan-an ni mo fẹ́ rí." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yé mi. Lójú tèmi, ìdánwò ni ìdánwò. Ta ni ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ níbi ìdánwò tí kò gbàdúrà kó yege?

Ọ̀sẹ̀ tí a ṣe Iléyá tán ni àwọn àlejò wá bá a láti Èkó, àwọn tí ó fẹ́ bá a ṣe ẹ̀rọ náà lọ́pọ̀. Nítorí pé àwọn Àlàájà ọ̀rẹ́ mi kò ní jẹ́ kí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí wọn di ọwọ́ wọn mú, Gbọ́láhàn ta kọ́tìnnì sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Èmi ni mo wà nínú, tí mò ń fi pẹ́ẹ̀gì há ìka àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun àti àwọn àlejò wà ní pálọ̀, wọ́n ń wo fóònù rẹ̀. Bí pẹ́ẹ̀gì bá ti rí ẹ̀jẹ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn lójú fóònù.

Sikirat ló kọ́kọ́ wọlé. Gbọ́láhàn ké láti pálọ̀ pé, "Ó ti tàn, Màmá." Ẹlòmíràn wọlé. "Ó ti tàn." Rùkáyà wá wọlé, mo há a ní ìka, mo dúró.

"Màmá, kò tàn o."

Mo gbé e sí ìka mìíràn. Kò tàn. Mo gbé e sí àtàǹpàkò, mo gbé e lọ sí ọwọ́ òsì. Làálì Iléyá ti gun orí làálì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí àlejò kan húkọ́, tí ẹnìkejì ní, "Bí kò bá ríran lára irú àwọn ìyá yìí, ta ni a fẹ́ ṣe é fún?" Gbọ́láhàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù díẹ̀." Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn náà ni Láńrewájú bàbá rẹ̀ fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo bá yọ pẹ́ẹ̀gì kúrò ní ìka Rùkáyà, mo fi há ìka ara mi.

"Ó ti tàn," ni Gbọ́láhàn wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀.

Rùkáyà fi ìbòrí bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó rọra ní, "Ìyá Láńre, ìka ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn?"

Mo ní, "Panu mọ́. Ọmọ wa ni."

Ó ní, "Ọmọ wa ni lóòótọ́." Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá mọ níbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá máa pè é ní ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Gbọ́láhàn wá jókòó tì mí. "Màmá, ti Ìyá Kàósárà pẹ́ kó tó tàn. Ṣé làálì ló fà á?"

"Rárá. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ó ríran kọjá làálì?"

"Ó dá mi lójú."

Ó ní òun fẹ́ fi iná kékeré sí ara pẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀, kí ẹni tí kò ní fóònù lè mọ̀ bóyá ó ń ríran tàbí kò ríran. Ṣùgbọ́n bí ó bá ríran lára gbogbo wa, òun á yọ iná náà, kí bátìrì lè pẹ́. Mo ní kí ó yọ ọ́. Èmi tí n kò mọ ohun tó ń gbé inú bátìrì, èmi ni mo ní kí ó yọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé lè sọ pé ó yẹ kí ó tún un wò fúnra rẹ̀. Bóyá ó yẹ. Ta ló máa ń tún ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ wò? Láti ọjọ́ náà, pẹ́ẹ̀gì tó ríran tí ara sì le, á dákẹ́. Èyí tí kò ríran rárá, òun náà á dákẹ́. Kò sí ẹni tó lè mọ ìdákẹ́jẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Gbọ́láhàn fún Rùkáyà ní ọ̀kan. Ó mú un wá bá mi, ó ń yí i wò. "Ìyá Láńre, ṣé èyí ń rí mi báyìí, àbí ìka yín ni n ó máa yá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Gbọ́láhàn ti tún un ṣe. Ó ń rí ọ dáadáa."

Irọ́ yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí àlejò kankan ní pálọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, yóò sọ fún Kàósárà ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, Kàósárà á bi Gbọ́láhàn, Gbọ́láhàn á sì mọ̀ pé mo tan òun jẹ. Ìtìjú ni mo sá fún. Rùkáyà ní, "Alihamudulilahi," ó gbàdúrà fún ọmọ mi, mo sì ṣe àmín.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyí. Gbọ́láhàn wá kí mi láìpẹ́ yìí, inú rẹ̀ ń dùn. Wọn ó pín pẹ́ẹ̀gì náà fún àwọn àgbà káàkiri Iléṣà, títí dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rò pé n ó yọ̀ pé ó dé ìlú mi. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi láti ìgbà náà. Gbọ́láhàn, dá wọn dúró. Fi iná náà padà sí i. Wá àwọn obìnrin tí làálì wà lọ́wọ́ wọn lọ, kí o sì jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí há a fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ fún ara ènìyàn, ẹ má fi ẹni tó fẹ́ràn yín ṣe ẹlẹ́rìí; yóò bò yín láṣìírí títí ènìyàn á fi kú.

Kàósárà, oúnjẹ rẹ ni mò ń jẹ láti ìgbà tí ilé yìí ti dá páropáro. Ìwọ nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn mi. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, má wá mọ́. N kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ibo lo wà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ náà, nítorí ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n tán.

Ọyẹ́ mú gan-an ní òwúrọ̀ náà. O pè mí láti ara ògiri. Mo bá ìyá rẹ lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, pẹ́ẹ̀gì wà ní ìka rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. O ní, "Màmá, mo ní ká lọ sí ọsibítù, wọ́n kọ̀."

Ìyá rẹ ní, "Kò pariwo." Ó sinmi kó tó rí èyí tó kù sọ. "Bí ó bá le, á pariwo."

O yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ yìí. Kí ni ká ṣe?"

Kò ríran lára rẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti dé ahọ́n mi, Kàósárà. Mo wá rò ó pé wàá bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀, bóyá á rọlẹ̀."

O gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ò ń fẹ́ ẹ, mò ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, mo sì wo ilẹ̀. Wọn kò tíì pe ìrun ọ̀sán tí àyà rẹ̀ fi dákẹ́ dídún. O gbórí lé mi léjìká, o sunkún, o wá di ọwọ́ mi mú, o ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi wá sílẹ̀."